Ìlà Kò Yọ, Ìlà Já, Ìlà Nípọn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí plot nínú MATLAB àti Octave

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: kí ló dé tí plot, àṣẹ tó ń ya gíráàfù nínú MATLAB àti Octave (àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà), kò ya ìlà bó ṣe yẹ? Àwọn èèyàn á yí àwọ̀ padà, wọ́n á yí ìnípọn ìlà padà, àwọn mìíràn á tilẹ̀ pa ètò náà rẹ́ kí wọ́n tó tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, láìtíì wo nọ́ńbà tí wọ́n fún plot. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tí ẹ bá fún plot náà ló máa yà.

Mo fi ìlà kejì sí i, àkọ́kọ́ sì pòórá.

Ẹ kọ hold on kí ẹ tó ya ìkejì.

Ó ní "Vectors must be the same length".

Ẹ kọ numel(x) àti numel(y) láti ka iye nọ́ńbà inú wọn. Nínú 0:0.1:10, nọ́ńbà 101 ló wà, kì í ṣe 100. Bó bá jẹ́ 100 lẹ fẹ́, linspace(0,10,100).

Gíráàfù yọ, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀.

Ìlà gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. plot(3,5) kò ní fi nǹkan kan hàn, plot(3,5,'o') ló máa fi í hàn. Ẹni tó ń pe plot nínú for (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra), tó ń fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ẹ kó nọ́ńbà náà jọ sínú y(k), kí ẹ pe plot lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tí for bá parí.

Bí kò bá sí for níbẹ̀, ẹ wo bí ẹ ṣe pín nǹkan. Bí x àti y bá wà ní ìbú (nọ́ńbà wọn tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn), tí wọ́n sì gùn bákan náà, y/x kò ní pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò mátíríìsì ló máa ṣe, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì máa dá padà fún yín, láìsí ìkìlọ̀. y./x lẹ ń wá. Àmì ìdánudúró yẹn ni kí ẹ máa wò níwájú *, / àti ^.

Ìlà mi já láàárín.

NaN (àmì ibi tí kò sí nọ́ńbà) wà níbẹ̀. sum(isnan(y)) á sọ iye rẹ̀. Ẹ lè yọ wọ́n kúrò kí ìlà lè so pọ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú bẹ́ẹ̀: ibi tí a kò ti wọn nǹkan kan, kò yẹ kí òǹkàwé rí ìlà níbẹ̀.

Ìlà ń lọ síwá sẹ́yìn, ó dàrú mọ́ra.

x yín kò tò. [x,k] = sort(x); y = y(k); ó parí.

Mo lo semilogy, apá kan ìlà náà kò sì sí níbẹ̀.

Òdo àti nọ́ńbà tó kéré sí òdo kò ní àyè lórí òṣùwọ̀n log tí semilogy ń lò.

Ìgbì mi kò jọ ìgbì rárá.

Ẹ ti fi àyè tó pọ̀ jù sáàárín nọ́ńbà t (àkókò). Ẹ dán t = 0:0.02:1 wò pẹ̀lú sin(2*pi*50*t). Ìgbì yẹn ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo 0.02, nítorí náà orí òdo lẹ ń bá a ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ẹ máa rí ni pàǹtí ìṣirò tó kéré bíi 1e-14, tí gíráàfù fẹ̀ kún ojú fèrèsé. Ẹ lo 0:0.0005:0.1, ìgbì á yọ.

Ìlà mi nípọn jù, mo sì ti dín LineWidth (ìnípọn ìlà) kù.

Èyí ló bá mi fínra jù lọ. Ẹnìkan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá: ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ kan kọ sínú fáìlì, ó pè é ní d. Àkókò rẹ̀ ni t = 0:0.01:5, nọ́ńbà 501. Ẹ̀rọ náà ń fi díẹ̀díẹ̀ lé ìwọ̀n bí àkókò ti ń lọ, ó sì fẹ́ yọ àlékún yẹn: y = d - 0.02*t. Ìlà yọ, ó gba ọ̀nà tó jọ ọ̀nà, lẹ́tà pupa tó ń sọ àṣìṣe kankan kò jáde, ṣùgbọ́n ó nípọn.

A dín LineWidth kù, kò yí padà. A gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, bákan náà ló rí. A ní bóyá ìwọ̀n náà ló ń gbọ̀n, a fi movmean, tó ń wá ìpíndọ́gba àwọn nọ́ńbà tó wà nítòsí ara wọn, tẹ́ ẹ, ó dán sí i, kò tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun méjì ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Fáìlì PDF tí a gbé jáde wúwo, ó sì ń pẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tí mo sì fẹ etí ìlà náà lójú, àwọ̀ oríṣiríṣi ni mo rí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà kan kì í ní ju àwọ̀ kan lọ. Mo kọ numel(findobj(gca,'Type','line')) láti ka iye ìlà inú gíráàfù náà. Ó dáhùn: 501.

Ìbú ni t wà, òòró (nọ́ńbà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀) ni d wá láti inú fáìlì. Láti ẹ̀dà R2016b, bí MATLAB bá rí ìbú àti òòró pọ̀ báyìí, á yọ gbogbo t lára gbogbo d: 501 lọ́nà 501, nọ́ńbà 251001. Octave náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀dà 3.6. plot wá fa òòró kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, 0.1 péré ni ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra bí ìlà kan. Ohun tó burú jù ni pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú gbogbo wọn: òòró kọ̀ọ̀kan jẹ́ d tí a yọ nọ́ńbà kan tí kì í yí padà lára rẹ̀, nítorí náà àlékún ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀ digbí. MATLAB àtijọ́ ì bá ti kọ̀ jálẹ̀, "Matrix dimensions must agree".

Ojútùú rẹ̀ kò ju ìlà kóòdù kan lọ: t = t(:); d = d(:); kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀, kí méjèèjì lè di òòró. Bí ẹ bá ti ka nǹkan láti inú fáìlì, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì wo size(y) kí ẹ tó pe plot.

Ṣé kí n pe onímọ̀?

Ẹ kọ plot(1:10) ná. Bí ìlà bá yọ, ètò yín ń ṣiṣẹ́, ẹ padà sídìí nọ́ńbà yín. Bí kò bá yọ nínú Octave, ẹ kọ close all, ẹ wo available_graphics_toolkits (àwọn irinṣẹ́ ìyàwòrán tó wà), kí ẹ fi graphics_toolkit mú òmíràn. Bí fèrèsé bá ṣì dúdú lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dráífà àwòrán kọ̀ǹpútà yín ló ní ìṣòro. Ẹ fi í lé ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kí ẹ sì fún un ní èsì version pẹ̀lú rẹ̀.