Píkọ́ọ̀pù Yín Lè Fa Tírélà Yẹn, Ṣé Ó Lè Gbé E?

“Ọkọ̀ yìí lè fa 4,500 kílò.” Ohun tí ìpolówó sọ nìyẹn. Tírélà tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn kò ju 3,400 lọ, ọkàn yín wá balẹ̀. Ẹ má tíì jẹ́ kó balẹ̀ o. Fífà ọ̀tọ̀, gbígbé ọ̀tọ̀, gbígbé ló sì máa ń kọ́kọ́ tán.

Tírélà kì í kàn tẹ̀ lé ọkọ̀ lásán. Ẹnu rẹ̀, ìyẹn iwájú rẹ̀ tá a fi so ó mọ́ ọkọ̀, ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀kù ìdí ọkọ̀ la fi so ó, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Ẹrù tí píkọ́ọ̀pù gbé ni, bí ìgbà tí ẹ kó àpò sìmẹ́ǹtì sí i lẹ́yìn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bébà kan wà níbẹ̀ tó sọ iye tí èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Ká ní 680 kílò ni. Ẹ fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún 3,400 yẹn ṣírò ẹnu tírélà: 408 lọ. Ó ku 272. Ẹ̀yin 85, ìyàwó 70, ọmọ méjì 60. Ó ku 57. Họ́ọ̀kù irin náà wúwo, àpótí irinṣẹ́ ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ò tíì mí hẹlẹ, ọkọ̀ ti kún.

Ẹlòmíràn á rí i pé ìdí ọkọ̀ rì, á wá kó ẹrù tírélà sẹ́yìn kí ẹnu rẹ̀ lè fúyẹ́. Nínú gbogbo àṣìṣe, èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tírélà tí ẹnu rẹ̀ fúyẹ́ jù á máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, bí eré bá sì pọ̀, ó lè gba ọkọ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Sípíríǹgì tuntun ńkọ́? Ó lè gbé ìdí ọkọ̀ sókè, àmọ́ kò yí iye tó wà lára bébà padà. Họ́ọ̀kù àti táyà náà ní iye tiwọn. Èyí tó bá kéré jù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ má sì fi ìwúwo tírélà òfìfo ṣírò. Ẹ di gbogbo ẹrù, ẹ rọ epo kún, kí ará ilé wọlé, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá. Ẹ kọ́kọ́ wọn píkọ́ọ̀pù nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ so tírélà mọ́ ọn, kí táyà píkọ́ọ̀pù nìkan wà lórí ìwọ̀n. Ohun tó fi lé sí i ni ẹnu tírélà ń tẹ̀.