Yàrá kan àti pálọ̀, owó díẹ̀: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an sí

Ọ̀pọ̀ ayálégbé tó bá fẹ́ kí ilé òun dùn ún wò, àga ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rà. Tẹlifíṣọ̀n ńlá á tẹ̀lé e, owó á sì tán nígbà tí ògiri ṣì ń bó, tí gílóòbù kan ṣoṣo ṣì ń tàn báláú lókè àjà. Ojú ẹni tó wọlé kì í kọ́kọ́ lọ sórí àga. Ògiri, iná àti fèrèsé ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ojú ń rí, àwọn náà ni owó wọn kéré jù láti tún ṣe. Pálọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóòró, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. A ò kọ iye owó síbí, torí ọjà ò dúró lójú kan. Iye ohun tí ẹ máa rà la kọ, kẹ́ ẹ lè dúnàádúrà rẹ̀ fúnra yín.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kó ẹrù jáde ná. Páálí tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, kẹ́ẹ̀gì òfìfo, bàtà tí kò ní ìkejì, gbogbo ẹ̀ ni kó lọ. Nígbà tí yàrá bá ṣófo lẹ máa tó rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ẹ tún bá onílé sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kun ògiri tàbí kẹ́ ẹ tó dá a lu. Tó bá gbà pé òun á yọ owó ọ̀dà kúrò nínú owó ilé, ẹ ní kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kó lè wà lákọsílẹ̀.

Ògiri

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa. Tí ọ̀dà ibẹ̀ bá wú, tí ohun funfun bí iyọ̀ sì yọ lára rẹ̀, ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tó ti ń wá: ẹ gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn náílọ́ọ̀nù, níbi tó kọjú sí ògiri, ni omi sẹ̀ sí, inú ògiri lomi ti ń bọ̀: bóyá ó ń gùn látinú ilẹ̀ wá, bóyá páìpù ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ló ń jò. Tó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló lọ́rinrin, ẹ máa ṣí fèrèsé.

Tó bá jẹ́ páìpù, púlọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè. Tó bá jẹ́ látinú ilẹ̀, ayálégbé ò lè wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó lè dín in kù. Ẹ ha ọ̀dà tó ti wú dànù dé ibi tó ti le, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn iyọ̀ náà kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi máa ń yọ́ iyọ̀ padà sínú ògiri, á sì tún jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ fi kùn ún. Tí ẹ bá fi ọ̀dà elépo bo ògiri tó lọ́rinrin, omi inú rẹ̀ ò ní rọ́nà jáde, ọ̀dà á sì wú kó tó pẹ́. Àrùn kan náà ló ń ṣe ìwé ògiri àti fọ́ọ̀mù alẹ̀mọ́ tó gbòde báyìí: èbu á hù lẹ́yìn wọn, ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣí wọn, ọ̀dà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bá wọn lọ. A ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra fọ́ọ̀mù yẹn fún ilé tó jẹ́ pé ó ń háyà rẹ̀ ni.

Ògiri tó gbẹ náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Tí ẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ yín, ọ̀dà tuntun á lẹ̀ mọ́ ẹ̀fun náà ni, kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri, yóò sì bó. Ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn àti omi fọ ẹ̀fun yẹn kúrò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Tí a bá yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì kúrò, ògiri pálọ̀ yìí jẹ́ nǹkan bí sukúéà mítà 38. Lítà kan ọ̀dà olómi tó dáa máa ń kun nǹkan bí sukúéà mítà 10. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, nítorí náà ike onílítà 4 méjì á tó. Fún kíkùn àkọ́kọ́, ẹ lè bu omi díẹ̀ sí i, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Àwọn akunlé kan máa ń bomi sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀dà lè tó, ìdí nìyẹn tí ògiri fi máa ń rí yánnayànna, tí á sì máa ṣẹ́ ẹ̀fun kó tó pé ọdún. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó kun ìkejì. Tó bá jẹ́ àsìkò òjò, ẹ dúró dọjọ́ kejì.

Nípa àwọ̀, ẹ fi àwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ kun ògiri mẹ́ta, bíi funfun tó pọ́n díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi àwọ̀ tó jinlẹ̀ kun ògiri kan ṣoṣo, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìn àga gígùn. Búlúù dúdú tó jọ ti ẹ̀lú dáa gan-an níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ po àwọ̀ náà fúnra yín, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí èyí tí ẹ bá tún pò lẹ́yìn náà ò ní bá ti àkọ́kọ́ mu láéláé.

Iná

Lára páálí gílóòbù, ẹ wá nọ́ńbà tí lẹ́tà K tẹ̀lé. 6500K ló kún ọjà. Ó máa ń tàn funfun bí ẹni fẹ́ ṣe búlúù, ó dáa ní kíṣìnnì, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí pálọ̀ dà bí ilé oògùn. Ẹ béèrè fún 3000K, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. LED oníwáàtì 9 kan lókè àjà àti òmíràn nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga á tó fún pálọ̀ yìí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn ló ń mú kí ilé tura, torí òun ló ń ju òjìji sára ògiri. Agbọ̀n tí ihò ara rẹ̀ ṣí dáadáa, tí ẹ dojú rẹ̀ dé, lè ṣe ìbòrí rẹ̀. LED nìkan ni kẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀, kó sì jìnnà sí ara agbọ̀n ní íǹṣì 3, torí gílóòbù àtijọ́ máa ń gbóná débi tó lè dáná ràn án. Ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé wáyà rẹ̀ lórí.

Fèrèsé

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wọ́n á kan irin kọ́tìnì mọ́ etí fèrèsé gan-an, aṣọ á sì dúró ní ìdajì ògiri, ni àjà á bá rí bí ohun tó fẹ́ wó lé èèyàn lórí. Ẹ gbé irin náà lọ sókè. Lójú fèrèsé tí orí rẹ̀ wà ní íǹṣì 84 sílẹ̀, ẹ kan irin mọ́ íǹṣì 94, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó fi íǹṣì 6 yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ṣí kọ́tìnì, orí ògiri ló máa kó jọ sí, atẹ́gùn á sì ráyè wọlé.

Àdìrẹ ni aṣọ tó yẹ á jù, ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta sì lọ́pọ̀ rẹ̀. Yáàdì 5 ni wọ́n sábà máa ń dì í, ìbú rẹ̀ sì máa ń tó íǹṣì 45. Ẹ yẹ ẹ̀yìn aṣọ wò: èyí tí wọ́n dì tàbí tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe, àwọ̀ rẹ̀ máa ń wọlé dé ẹ̀yìn, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá. Ẹ ti ìka bọ omi, kẹ́ ẹ fi ra etí rẹ̀, kẹ́ ẹ nu ìka náà mọ́ áńkáṣíìfù funfun. Tí àwọ̀ díẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò burú, àmọ́ tó bá pọ̀, wọn ò ṣan aṣọ náà dáadáa.

Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ sá a síbi òjìji, kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Òwú máa ń sún kì. Bẹ́ẹ̀ bá gé e kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, kọ́tìnì yín á ga kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Fún fèrèsé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, irin yín á jẹ́ íǹṣì 60. Ẹ gé yáàdì 5 náà sí méjì dọ́gbadọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan á jẹ́ íǹṣì 90. Èyí ò ní balẹ̀ látorí irin tó ga tó báyẹn, nítorí náà ẹ ra yáàdì kan aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ gé íǹṣì 12 méjì níbẹ̀, kẹ́ ẹ rán an mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí télọ̀ bá ṣẹ́ íǹṣì 4 lókè àti íǹṣì 4 nísàlẹ̀, tí ojú ìrán sì jẹ íǹṣì kan, íǹṣì 93 ló máa kù: kò wọ́lẹ̀, kò sì ga. Tó bá sún kì, ẹ fi iye tó dín kún ti ìsàlẹ̀ yẹn. Íǹṣì 12 tó ṣẹ́kù lára yáàdì náà ni kẹ́ ẹ fi ṣe okùn tí ẹ máa fi dì wọ́n mẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ní kó fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ ẹ̀lú.

Tìmùtìmù látinú aṣọ ẹbí

Kò sí ilé Yorùbá tí aṣọ ẹbí ò kún inú àpótí rẹ̀. Àǹkárá yáàdì kan péré máa ń bo tìmùtìmù méjì oní-íǹṣì 18. Ẹ gé e sí méjì lóòró, íǹṣì 18 sí 18. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gé íǹṣì 18 fún iwájú àti íǹṣì 13 lọ́nà méjì fún ẹ̀yìn. Ẹ ṣẹ́ etí kan lára ti ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì kan, kẹ́ ẹ gbé e léra kó fi íǹṣì 6 gun ara wọn, kẹ́ ẹ wá rán gbogbo etí yí ká. Kò nílò síìpù. Bí ẹ bá rán íǹṣì ààbọ̀ wọnú, ẹ̀wù rẹ̀ á jẹ́ íǹṣì 17, èyí sì dáa, torí tìmùtìmù á kún inú rẹ̀ pinpin, igun rẹ̀ ò sì ní rọ. Ẹ má kó ju oríṣi aṣọ mẹ́ta jọ, kí ọ̀kan nínú wọn sì ní àwọ̀ tó bá kọ́tìnì mu.

Àga àti ohun tó ń lọ sára ògiri

Àga onígi tòkunbọ̀ tàbí ti gbàǹjo sábà máa ń le ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò, kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ dé: tí ìyẹ̀fun igi bá ń dà látinú ihò kéékèèké, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá dáa, ẹ fi sáńpépà 80 ha á, kẹ́ ẹ fi 120 dán an, kẹ́ ẹ nu eruku rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà elépo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ ò bá ha fáníìṣì tó ń dán, èékánná lásán á ṣí ọ̀dà náà kúrò.

Igbá fínfín láti Ọ̀yọ́, mẹ́ta tí wọn ò tóbi bákan náà, gbayì lára ògiri búlúù yẹn. Ẹ gé ìwé sí bí igbá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, kẹ́ ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí ó fi máa wù yín kẹ́ ẹ tó lu ihò. Kí àárín wọn wà ní nǹkan bí íǹṣì 58 sílẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè àga gígùn, kí wọ́n fi íǹṣì 6 sí 8 ga ju ẹ̀yìn àga lọ. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kẹ́ ẹ gbé ìkòkò ọ̀já ìkookò, ìyẹn ewéko tí wọ́n ń pè ní snake plant, sí, kẹ́ ẹ sì bomi rin ín nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ tán nìkan.

Ẹ má fi òòlù kan ìṣó mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, torí ìrẹ́lé á fọ́ yí i ká. Dírílì oní-mìlímítà 6 àti ike ìdè rẹ̀ (rawl plug), tí wọ́n máa ń tì bọ ihò, ni kẹ́ ẹ lò. Bí ike náà bá ń yí lójú ihò, inú ihò búlọ́ọ̀kù lẹ bọ́ sí. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ lu òmíràn. Ẹ tọ́jú ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú ìgò tó ní ìdérí. Nígbà tí ẹ bá ń kó jáde, ẹ po sìmẹ́ǹtì funfun mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi dí ihò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ fi sáńpépà dán an, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó kù kun ojú rẹ̀ kí onílé tó wá wò ó.