Fọ́tò òdòdó Jàpáànù àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kùn láwọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Mo ra àwòrán òdòdó lílì kan tí wọ́n kọ “K. Ogawa” sí nísàlẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní ojúlówó ti ọdún 1896 ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná, ojú bébà gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ogawa Kazumasa (1860–1929), ayafọ́tò ará Jàpáànù, kọ́ iṣẹ́ kọ́lótáìpù (ọ̀nà tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò sórí bébà pẹ̀lú íǹkì, láti ara dígí) ní Boston, l’Amẹ́ríkà, ó sì mú un padà lọ sí Tokyo. Inú ìwé rẹ̀, Some Japanese Flowers, tó jáde ní 1896, ni ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wá. Ìwé náà ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọwọ́ yówù lè tẹ̀ ẹ́ tà lónìí, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ tà dáadáa.

Ẹ wá awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 30, kí ẹ gbé e lé ibi tó dúdú díẹ̀ lára ewé, kì í ṣe ibi tó dúdú biribiri. Kọ́lótáìpù kì í ní àmì tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ìlà wínníwínní ni ẹ máa rí, tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ekòló, tí ọ̀kan ò jọ èkejì. Jẹlatíìnì (èròjà bíi gúlúù tí wọ́n ń rí lára awọ àti egungun ẹran) tí wọ́n fi bo dígí ìtẹ̀wé ló ń hunjọ tó sì ń là nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ ẹ́. Inú àwọn ojú ìlà yẹn ni íǹkì ń dúró sí. Bí ẹ bá rí tótòtó búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tó tò yíká ara wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ló ṣe é. Bí tótòtó náà bá fọ́n káàkiri láìlétò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tu íǹkì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí pupa ti yọ kọjá etí òdòdó. Lára ojúlówó, àwọ̀ náà tẹ́jú, ó sì ki díẹ̀ létí níbi tí omi rẹ̀ gbẹ sí. Lára ẹ̀dà, àṣìkùn náà gan-an á ti di tótòtó. Ibí yìí ni mo fọkàn tán jù, nítorí ẹ̀dà tí ẹ̀rọ tẹ̀ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì UV (365 nm), tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò lè rí, náà wúlò. Ẹ tàn án sí ẹ̀yìn bébà nínú òkùnkùn. Bó bá tàn búlúù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, èròjà amúbébàfunfun tó wọ́pọ̀ láti nǹkan bí 1950 wà nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe bébà 1896. Àmọ́ pé kò tàn ò túmọ̀ sí pé ó ti pẹ́.

Ewé òdòdó mi ti di búlúù, píǹkì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Ṣé bí wọ́n ṣe kùn ún nìyẹn?

Rárá, ìmọ́lẹ̀ ló jẹ ẹ́. Búlúù àti yẹ́lò ni wọ́n sábà máa ń pò di àwọ̀ ewé. Yẹ́lò a máa tètè ṣá, búlúù á ku òun nìkan. Ọ̀pọ̀ píǹkì tí wọ́n ń lò náà ò lè dúró níwájú oòrùn. Íǹkì abẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í ṣá bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwòrán fi mọ́ gaara tí àwọ̀ sì ti lọ. Ẹ wo etí tí férémù bò mọ́lẹ̀: ibẹ̀ lẹ máa rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ti lọ ti lọ. Ẹ má ṣe kùn ún padà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, kí ìmọ́lẹ̀ má ju lux 50 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), fún oṣù mẹ́ta péré, kí ó wá padà sínú òkùnkùn. Dígí tó ń dí UV máa ń fà á sẹ́yìn ni, kò ní dá a dúró.

Fọ́tò tèmi ń dán, ó wá láti Yokohama, gbogbo ibi funfun rẹ̀ ti di yẹ́lò.

Èyí kì í ṣe kọ́lótáìpù. Fọ́tò albumen ni, irú èyí tí ayafọ́tò Kusakabe Kimbei ń ṣe nígbà yẹn ní Yokohama, ìlú èbúté kan ní Jàpáànù: funfun ẹyin pẹ̀lú iyọ̀ lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n wá gbé lé omi fàdákà náítíréètì, tí wọ́n sì tẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ wo ó pẹ̀lú awò, ẹ máa rí òwú bébà lábẹ́ ìdán, àti ìlà sísán kéékèèké. Ẹyin àti fàdákà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ló ń fa yẹ́lò, ọ̀rinrin sì ń yára mú un burú. Bí wọn kò bá fọ háípò (oògùn tí wọ́n fi ń mú kí àwòrán dúró) kúrò dáadáa, àwòrán fúnra rẹ̀ á máa ṣá, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ló kọ́kọ́ ń sọnù.

Ẹ má bó o kúrò lára páálí rẹ̀. Bébà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju kí ó gbà á lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpòòwé bébà tí kò ní ásíìdì, kí ọ̀rinrin wà láàárín 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ooru má sì ju 21 °C lọ. Tí ọ̀rinrin bá ti kọjá 65, ẹ máa retí pé á bu.

Ṣé mo lè fi òwú àti omi nu ìdọ̀tí rẹ̀?

Rárá o, itọ́ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kàn án. Orí ẹyin ni àwọ̀ wà, kò wọlé, òun lòwú máa kọ́kọ́ kó. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbígbẹ ti tó, láti àárín lọ sí etí. Bí ìdọ̀tí bá kọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú fọ́tò.

Mo ń ṣe fọ́tò albumen tuntun, mo sì fẹ́ kùn ún. Àwọ̀ olómi kò dúró lórí rẹ̀, ó ń ká jọ bí ẹ̀kán omi.

Ìdán ẹyin ló ń lé omi dànù, òróró ìka ọwọ́ sì ń dá kún un, nítorí náà etí nìkan ni kí ẹ máa dì mú. Ẹ kán ẹ̀kán òróòro màlúù kan tàbí méjì sínú ife omi tí ẹ fi ń po àwọ̀. Á tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù máa ń fi nikawa, gúlúù awọ ẹran, sínú tiwọn kí àwọ̀ lè mú. Ẹ tẹ fọ́tò náà kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti ojoojúmọ́, torí àwọ̀ tó jẹ́ kí a rí abẹ́ rẹ̀ kò hàn lórí ibi dúdú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá lẹ́yìn ìfọ̀ ìkẹyìn, kí ẹ kùn ún ní ipele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ gbẹ kí ẹ tó fi òmíràn lé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, búrọ́ọ̀ṣì á gbé ti ìsàlẹ̀ wá. Lára fọ́tò tó ti bàjẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.