Bí A Ṣe Ń Ṣe Ìpápánu Ológbò Nílé

Ẹran tí a yọ nínú ọbẹ̀ fún ológbò kì í ṣe ìpápánu, bí a tilẹ̀ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àlùbọ́sà ló fà á. Ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, áyù sì tún le jù ú lọ. Bí oje wọn bá ti wọ ẹran, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Kúùbù amọ́bẹ̀dùn náà kò dára: iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àlùbọ́sà lílọ̀. Ẹ ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀. Omi àti ẹran nìkan ni kí ó máa wọ inú rẹ̀.

Ẹran tàbí ẹja ló yẹ kó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ bá ṣe, kì í ṣe ìyẹ̀fun. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní taurine, inú ẹran àti ẹja ni ológbò ti ń rí i. Bí kò bá rí i tó, ọkàn àti ojú rẹ̀ ni yóò jìyà. Ní ti ṣúgà, ẹ má wulẹ̀ fi sí i: ahọ́n ológbò kì í mọ adùn rẹ̀.

Adìyẹ gbígbẹ

Èyí ni a fẹ́ràn jù, torí ó rọrùn, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ẹ ra àyà adìyẹ 500 gíráàmù. Ẹ bó awọ, ẹ yọ ọ̀rá àti eegun kúrò. Ẹ gbé e sí fírísà fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kí ó le díẹ̀, ọ̀bẹ yóò lè gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Kí ó má nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ.

Ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kí ó sè fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má fo ìpele yìí: iná kékeré tí a fi ń gbẹ ẹran kì í tètè pa kòkòrò àrùn tó wà nínú adìyẹ. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí ẹ wá gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. (Omi ẹran yẹn kò yẹ ní dídànù. Bó bá tutù, ẹ ré ọ̀rá ojú rẹ̀, kí ẹ bu ṣíbí ìmùkọ kan tàbí méjì sórí oúnjẹ gbígbẹ ológbò. Ológbò kì í sábà mu omi tó.)

Bí ẹ bá ní ófùn, ẹ tò ó sórí àwo pẹrẹsẹ kí wọ́n má lé ara wọn, ẹ gbé iná sí 100 Sẹ́ńtígíréèdì, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ yí i lẹ́yìn wákàtí kan. Bí kò bá sí ófùn, ẹ lo ìkòkò ńlá tó nípọn, bíi ti àwọn tó ń yan kéèkì lórí sítófù: ẹ da iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ sí ìdí rẹ̀, ẹ gbé agolo òfìfo kékeré lé e, kí àwo ẹran wá jókòó lórí agolo. Kí iná kéré, kí ọmọrí ṣí díẹ̀ kí oru lè jáde. Ẹ má sá a sóòrùn. Eṣinṣin yóò bà lé e, bí òjò bá sì ń rọ̀, yóò ti máa rùn kó tó gbẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni iná ńlá. Ẹ̀yìn ẹran á le kankan, inú rẹ̀ á ṣì tutù, á sì bu láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan sí méjì kí ẹ wò ó: bó bá ṣì rọ̀ láàárín, ẹ dá a padà sórí iná. Bó bá sì gbẹ tán, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, torí oru tó bá há sínú ike yóò di omi.

Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sọ́nà 25. Ìpín kan ni òpin ohun tí ológbò oníkílò mẹ́rin lè jẹ lóòjọ́, nítorí ìpápánu kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó lè lò nínú fíríìjì, oṣù méjì nínú fírísà. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe.

Ẹja rọ́bọ́tọ́

Pánlá tútù 250 gíráàmù, kì í ṣe èyí tí wọ́n yan lẹ́ẹ̀fín. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 12, ẹ fi ìka wá gbogbo eegun rẹ̀, kí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa. Ẹ pò ó mọ́ ẹyin kan àti ṣíbí ìmùkọ kan edé lílọ̀ tí kò ní iyọ̀. Ẹ ṣù ú sí 40, kí ẹ yan án ní 170 fún ìṣẹ́jú 15. Mẹ́ta ti tó lóòjọ́. Bó bá ń fọ́ nígbà tí ẹ ń ṣù ú, omi ẹja ló pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni fíríìjì lè pa á mọ́. Ẹ má fún un ní ẹja tútù láìsè, torí àwọn ẹja kan máa ń run fítámì B1 lára ológbò.

Ẹ̀dọ̀ adìyẹ sísè, ṣíbí kékeré kan lọ́sẹ̀ ti tó. Fítámì A inú rẹ̀ máa ń kó jọ sára, bó bá pọ̀ jù á mú kí eegun ọrùn àti ti ẹ̀yìn gan.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹyọ kan ni kí ẹ fún un, kí ẹ wò ó dọ́la bóyá yóò bì tàbí yóò yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ má fi wàrà tì í, ọ̀pọ̀ ológbò àgbà kì í lè dà á. Ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ bi dókítà ẹranko kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá wá kọ oúnjẹ rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ẹ má fi ìpápánu tàn án. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ebi tètè máa ń ba ẹ̀dọ̀ ológbò jẹ́, pàápàá èyí tó sanra.