Ẹ má kàn gbé erùpẹ̀ lọ sí láàbù, ẹ gbé ìtàn oko yín dání

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi ní Mọníyà, Ìdó, Lágelú àti gbogbo agbègbè Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Ọdọọdún là ń ra fatiláísà láìmọ nǹkan tílẹ̀ wa ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ò jìnnà sí wa rárá, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, ti wà n'Íbàdàn níbí láti 1967, IAR&T tóun náà jẹ́ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Moor Plantation l'Ápáta, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì wà ńbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé ọkọ́ láti bu erùpẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbé lọ fún àyẹ̀wò, ẹ kọ́kọ́ kọ ìtàn oko náà sílẹ̀: kí lẹ gbìn síbẹ̀ lẹ́nu ọdún mẹ́ta yìí, ìgbà wo lẹ da ajílẹ̀ sí i kẹ́yìn, ibo lomi ń dúró sí tójò bá rọ̀, ibo ni èkan ti ń yọ, ibo ni ewé Akíntọ́lá ti ń ta dáadáa. Ẹ bi àwọn àgbà náà o. Ìgbà àkọ́kọ́ tá a gbé erùpẹ̀ tiwa lọ, ojú kan péré la ti bù ú, èsì jáde pé ilẹ̀ wa ò kan rárá, pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan lára oúnjẹ irúgbìn, pọ̀ ńbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ewé àgbàdo wa ń pọ́n bí àlùkò lápá tó kù, àmì pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ò tó. Bàbá tí oko wọn bá tiwa pààlà ló sọ pé ahéré wà lójú ibẹ̀ rí, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú sí, eérú yẹn ló jẹ́ kí èsì rí bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ẹni tó jókòó sí láàbù?

Torí náà, ẹ rìn kọ́lọkọ̀lọ yí oko ká, kẹ́ ẹ bù ú lójú ibi 15 sí 20, kó jìn tó nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ yẹra fún ẹ̀bá ọ̀nà, ìdí ọ̀gán, àkìtàn àti ibi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da fatiláísà sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ni kẹ́ ẹ lò, onírin lè kó bá èsì. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ bu bí ìlàjì kílò, ẹ sá a síbòòji, kì í ṣe nídìí iná. Ilẹ̀ òkè lọ́tọ̀, akùrọ̀ lọ́tọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀ láéláé. Àwọn onísáyẹ́ǹsì náà mọ̀ pé ilẹ̀ ò rí bákan náà, kódà orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi ń pè é, ẹ máa gbọ́ Iwo series, Egbeda series, Apomu series, ìyẹn oríṣi ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Apomu yìí ni ilẹ̀ oníyanrìn tí ọ̀gbàrá wọ́ wá sísàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tí tiyín jẹ́, kẹ́yin náà sọ orúkọ tẹ́ ẹ ń pè é fún wọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ mú ògúlùtu erùpẹ̀ gbígbẹ kan látoko, ẹ mú òmíì nínú igbó tó ti sinmi pẹ́, kẹ́ ẹ rọra sọ wọ́n sínú ife omi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá yára tú ká, nǹkan jíjẹrà tó ń so erùpẹ̀ pọ̀ ti dín kù nínú ẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fídíò ẹ̀ fún wọn. Tójò bá ti ń rọ̀, ẹ gbẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ ka ekòló náà.

Téèsì bá dé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kà á fún yín lójú oko, kí wọ́n sọ ọ́ ní iye àpò fatiláísà lórí éékà kan. Ẹ dán an wò lórí ebè díẹ̀ ná, ẹ fi ebè bíi mélòó kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ bóyá fatiláísà ló ṣiṣẹ́ àbí òjò. Tó bá di ọdún mẹ́ta, ẹ padà bù ú lójú kan náà, lóṣù kan náà, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí láàbù kan náà, torí láàbù míì lè lo ọ̀nà míì, kí nọ́ńbà méjèèjì má bára mu.