Bí àwòrán ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo mi ṣe dúdú fún òru méjì

₦12,000 ni mo san fún ẹni tó bá mi yí àwòrán 42 padà sí JPEG, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwòrán ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo ni wọ́n, maikirosíkóòpù ló yà wọ́n. CZI, irú fáìlì tí maikirosíkóòpù ilé-iṣẹ́ Zeiss ń lò, ni fáìlì wọn, kọ̀ǹpútà ilé mi ò lè ṣí i. Ìgbà tí mo fẹ́ wọ̀n wọ́n ni mo rí i pé iye máíkírómítà tó wà nínú píkísẹ́lì (ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) kọ̀ọ̀kan ti pòórá. Ìmọ́lẹ̀ inú wọn náà, ipele 256 péré ló kù. Mo béèrè owó mi, ó ní iṣẹ́ tí mo bẹ òun lòun ṣe!

Ọpẹ́lọpẹ́ pé CZI ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé Fiji wọlé, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo àwòrán maikirosíkóòpù, tí wọ́n sì fi ń wọ̀n wọ́n, ọ̀fẹ́ ni, mo fi wọ́n pamọ́ sí TIFF, irú fáìlì àwòrán tó lè gba gbogbo ipele ìmọ́lẹ̀ wọn.

Mo tẹ TIFF àkọ́kọ́ kí n wò ó. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tún un ṣe, dúdú. Mo yọ Fiji kúrò, mo tún un gbé wọlé, dúdú. Wọ́n mú iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀, epo ń jó, àwòrán ṣì dúdú.

Lóru kejì, mo gbé atọ́ka eku kọ̀ǹpútà lé ojú àwòrán náà nínú Fiji, mo wá ń wo nọ́ńbà tó ń yí lókè, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ ibi tí atọ́ka wà: 310, 1,280, 3,902. Wọn ò bàjẹ́! Kámẹ́rà wa, bíìtì 12 ni, 4,095 ni òpin ìmọ́lẹ̀ tó lè kọ sílẹ̀. TIFF bíìtì 16 ń kà dé 65,535, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà mi kà sí funfun. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú àwòrán mi ò ju ìdá kan nínú 16 rẹ̀ lọ. Orí mi wú pé èmi fúnra mi ni mo tú u.

Mo fi TIFF sílẹ̀ bó ṣe wà fún wíwọ̀n. Èyí tó máa wọ inú ìwé, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo ṣí Brightness/Contrast, mo tẹ Set, mo fi 200 (dúdú) àti 4,000 (funfun) sí gbogbo wọn, mo sọ wọ́n di bíìtì 8, ó di PNG. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ Auto: èyí tó ṣókùnkùn á mọ́lẹ̀ bíi ti ẹnìkejì rẹ̀, ẹ ò sì ní lè fi wọ́n wéra mọ́. Bọ́tìnì Apply ńkọ́? Nọ́ńbà inú àwòrán gan-an ló ń yí padà. Ká ní mo mọ̀ ni, ẹyọ kan ni mi ò bá kọ́kọ́ yí, kí n wo nọ́ńbà rẹ̀, kí n tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ máíkírómítà 86.