Bí A Ṣe Ń Ṣàyẹ̀wò Pass Rusher ní Yunifásítì Kí Ọjọ́ Draft Tó Pé

Ní oṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 32 tí ó wà nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ti Amẹ́ríkà, máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpele 7 ni wọ́n sì fi ń yàn wọ́n. Yíyàn yìí ni à ń pè ní draft. Àwọn tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá lójú méjèèjì ni pass rusher, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ já wọlé kí wọ́n sì wó quarterback, ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kejì, mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wíwó tí wọ́n bá wó o bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní sack. Iye sack ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà sì ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo Vernon Gholston. Ó ní sack 14 fún Ohio State ní ọdún 2007, New York Jets sì fi àyè kẹfà yàn án ní 2008. Ó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, kò rí sack kan ṣoṣo. Danielle Hunter ní tirẹ̀ kò ní ju 1.5 lọ (bí ẹni méjì bá jọ wó quarterback, ìdajì ni wọ́n ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan) fún yunifásítì LSU ní ọdún 2014, nítorí náà ó wà nílẹ̀ títí di ìpele kẹta kí Minnesota Vikings tó mú un ní 2015. Ó ní 14.5 ní ọdún 2018, ó sì tún ní iye kan náà ní 2019. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí nínú iye sack tí ìwé kọ sílẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ ṣa ìdíje mẹ́rin tí ẹ ó wò. Kí méjì nínú wọn jẹ́ èyí tí ọmọ náà bá tackle gidi pàdé, ìyẹn géńdé tí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti dáàbò bo quarterback, tí NFL fúnra rẹ̀ ń wá. Kí ẹ̀kẹta jẹ́ èyí tí kò ti ní sack kankan. Ìkẹrin, ẹ mú èyí tí ó wù yín. Ẹ má ṣe fi àkójọ àwọn ibi tí ó ti dára jù bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wo ìyẹn ti gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Fídíò tí wọ́n yà láti òkè, tí ó ń fi gbogbo agbábọ́ọ̀lù 22 hàn, ni àwọn ẹgbẹ́ ń lò, ṣùgbọ́n ti tẹlifíṣàn tó wa láti ṣiṣẹ́ yìí, nítorí pé ìtòsí ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń gbéra ni pass rusher máa ń dúró, kámẹ́rà kì í sì í sábà pàdánù rẹ̀. Kò pọn dandan kí àwòrán náà mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi jẹ dátà yín tán. Ohun tí ó pọn dandan ni kí ẹ lè dẹ eré rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ìyìn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má bàa darí ojú yín. Ìwé alálà àti bírò dára ju kọ̀ǹpútà lọ fún àkọsílẹ̀, torí pé ọwọ́ lè máa kọ nígbà tí ojú ṣì wà lórí fídíò.

Wàyí o, iṣẹ́ tí ó ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni wíwo fídíò yẹn gan-an. Ojú gbogbo ènìyàn máa ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ojú tiyín kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń wo eré kọ̀ọ̀kan: ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọmọ náà nìkan, ìgbà kejì, ọwọ́ rẹ̀, ìgbà kẹta, tackle tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni yóò rí, àárín tí òótọ́ wà yóò sì fò ó.

Tí ẹ bá dé orí sack kan, ẹ dúró, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó dí i? Tí kò bá sí ẹni tí ó dí i, tàbí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kéré sí i púpọ̀ ni wọ́n fi dí i, sack náà kò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ iwájú. Báwo ni àkókò ṣe gùn tó? Mo máa ń fi aago fóònù ka á láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbéra. Tí ó bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn olùgbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, òun kàn jẹ èrè rẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, ṣé òun ló lọ bá quarterback, àbí ẹlòmíràn ló lé e wá bá a? Mo ti jókòó ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ka sack mẹ́wàá fún ọmọ kan tayọ̀tayọ̀, tí a sì yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́ta. Mẹ́ta yẹn ni ọmọ náà ní.

Ìdàkejì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí a wo eré kan báyìí: ó ku yáàdì mẹ́sàn-án tí ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún síwájú, gbogbo pápá sì mọ̀ pé jíjù ni wọn yóò ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gbéra, ẹsẹ̀ ọmọ náà ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí tackle tó gbé ẹsẹ̀ kejì tirẹ̀ kúrò nílẹ̀. Tackle na ọwọ́; ọmọ náà gbá a ní ọrùn ọwọ́, kò gbá a ní ìgbọ̀nwọ́, ó tẹ èjìká inú wálẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kọjú sí quarterback bí ó ti ń kọ igun. Quarterback rí i, ó sáré ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ìwé àkọsílẹ̀ kò kọ sack kankan. Nínú ìwé alálà tiwa, máàkì kíkún nìyẹn: ó tètè gbéra, ó mọ ọwọ́ lò, ara rẹ̀ sì tẹ̀.

Ẹ má ṣe ka gbogbo eré pọ̀ o. Ẹ yọ àwọn èyí tí quarterback ti ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù fún asáré, ẹ yọ àwọn tí ó ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yọ ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ náà sá padà lọ ṣọ́ ẹlòmíràn. Ojúlówó ìjù tí ó bá kù ni kí ẹ fi díwọ̀n rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ la ẹnu sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rí 100 nínú irú rẹ̀. Bí ìdíje mẹ́rin kò bá tó o, ẹ fi òmíràn kún un.

Kí ẹ sì wo ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ọgbọ́n àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ọmọ tí ó jẹ́ pé agbára nìkan ló fi ń ti tackle sẹ́yìn lè jọba ní yunifásítì, ṣùgbọ́n tackle NFL yóò gbà á mọ́ra, yóò sì dúró tì í. Ẹ wá ibi tí tackle ti dá a dúró, tí ó sì yí padà gba inú, tàbí tí ó pòyì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láì dúró ronú. Tí ẹ kò bá rí i nínú ìdíje mẹ́rin, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, ẹ má ṣe bá a ro ó.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ni rán an náà ṣe pàtàkì, torí pé ó lè dín iye sack rẹ̀ kù. Odafe Oweh kò ní sack kankan fún Penn State ní ọdún 2020, síbẹ̀ Baltimore Ravens fi àyè 31 yàn án ní 2021, ó sì ní 10 ní ọdún 2024. Ẹni tí ó bá wo òǹkà nìkan ì bá ti kọjá lára rẹ̀.

Ìdánwò ti Indianapolis, níbi tí NFL ti ń dán ara àwọn ọmọ náà wò kí draft tó dé, kò yẹ kí ó gbà yín ní àkókò púpọ̀. Nínú eré 40 yáàdì, yáàdì mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kí ẹ wò, nítorí pé kò sí pass rusher tí ó ń sáré 40 kí ó tó bá quarterback. Ẹ wo eré kónù mẹ́ta, tí ó ń fi bí ara ṣe ń kọ igun hàn, kí ẹ sì wo gígùn apá. Tí apá kò bá tó ínṣì 33, ẹ padà sí fídíò lọ wo bí kò ṣe jẹ́ kí tackle kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ti gbígbé irin 225 pọ́ùn, èmi kì í kọ ọ́ sílẹ̀ rárá: Gholston gbé e ní ìgbà 37. Terrell Suggs tí ó ní sack 24 fún Arizona State ní 2002 sáré 40 yáàdì lọ́nà tí ó já ọ̀pọ̀ kulẹ̀, Ravens mú un ní àyè kẹwàá ní 2003, ó sì fi sack 139 parí iṣẹ́ rẹ̀. Fídíò rẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìlera ni ó kù, ìyẹn ibi tí ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹgbẹ́ kò ti ní agbára púpọ̀. Azeez Ojulari, ọmọ tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ilé wa ni ó ti ṣẹ̀, ní sack 8 fún New York Giants ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 2021, ṣùgbọ́n ìpalára gba ọ̀pọ̀ ìdíje lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì tí ó tẹ̀ lé e. David Ojabo tí wọ́n bí ní Port Harcourt já iṣan gìgísẹ̀ níbi ìdánwò tí yunifásítì rẹ̀ ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2022, ìpele kejì ni wọ́n sì ti wá yàn án. Ẹ fi ìlera sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó má bàa yí máàkì tí ẹ ti fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìdájọ́ yín sí ìlà márùn-ún, ẹ fi déètì sí i, kí ẹ sì kọ ìpele tí ẹ̀yin ì bá ti yàn án. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe ju ìwé náà nù. Nígbà tí ọmọ náà bá parí ọdún kẹta nínú NFL, ẹ ṣí i padà, kí ẹ fi bírò pupa fàlà sí abẹ́ ibi tí ẹ ti ṣìnà, bóyá ẹsẹ̀ ni, bóyá ọwọ́ ni, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ wo ti ẹlòmíràn.